Ṣé fíìmù The X-Files ẹlẹ́ẹ̀kẹta ṣì lè wáyé?

Àbúrò wa obìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Abẹ́òkúta, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi ló fi The X-Files mọ̀ mí nígbà tí mo wà ní kékeré, káàsẹ́ẹ̀tì tí àbúrò wọn ń kó bọ̀ láti London la fi ń wò ó, màmá mi á máa pariwo pé a fẹ́ kó iwin wọlé. Bàbá ti pé àádọ́rin ọdún báyìí, wọ́n ṣì ń bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n máa ṣe fíìmù míì tí Mulder àti Scully á fi parí ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí ò yé mi ni pé ti 1998 tà gan-an, ti 2008 wá kú pátápátá, bẹ́ẹ̀ òṣèré kan náà ni, ẹni tó dá a sílẹ̀ náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ṣé ọdún tí wọ́n fi dúró ló pọ̀ jù ni? Àti pé kí ló dé tí wọn ò kàn ṣe ẹ̀kẹta, nígbà táwa tá a fẹ́ràn ẹ̀ pọ̀ tó báyìí?"

Àbúrò mi, bá mi kí bàbá, kí wọ́n pẹ́ fún wa. Fún àwọn tí ò mọ ohun tí à ń sọ, eré tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà ni The X-Files, Chris Carter ló dá a sílẹ̀, ilé iṣẹ́ Fox bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní September 1993, wọ́n sì ṣe é fún ọdún mẹ́sàn-án títí di May 2002. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì láti FBI, ìyẹn ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ìwádìí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ló dá lé lórí: Fox Mulder, ìyẹn David Duchovny, tó gbà pé àwọn ẹ̀dá ojú sánmọ̀ ló gbé àbúrò òun obìnrin lọ, àti Dana Scully, ìyẹn Gillian Anderson, dókítà tí ò ní gba nǹkankan gbọ́ àfi tó bá rí ẹ̀rí. Èmi, iṣẹ́ kí n gé fíìmù kí n lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni mo fi ń jẹun, torí náà ibi tí mo jókòó sí ni mo ti máa dáhùn, ìyẹn iwájú kọ̀ǹpútà tí mo ti ń wo àwọn àwòrán yẹn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lógún ìgbà.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ tú ni pé fíìmù 1998 kì í ṣe àjíǹde bíi ti 2008 rárá. Ẹni tí ò kú, ta ló ń jí i? Ìgbà tí wọ́n ya fíìmù yẹn, ní àárín ọdún 1997, eré ọ̀hún ṣì ń lọ lọ́wọ́ lórí tẹlifíṣàn, àní ìgbà yẹn ló wà ní góńgó ẹ̀. Wọ́n parí season kẹrin, wọ́n lọ ya fíìmù, wọ́n padà wá ya season karùn-ún, fíìmù wá jáde ní June 1998 nígbà tí ẹ̀karùn-ún ti parí tí ẹ̀kẹfà ò tíì bẹ̀rẹ̀. Wàhálà tó bá wọn níbẹ̀ ò kéré o, torí Duchovny àti Anderson ṣì wà lẹ́nu fíìmù nígbà tó yẹ kí iṣẹ́ season karùn-ún bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe yára ya episode kan tó dá lórí àwọn ọ̀rẹ́ Mulder mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Lone Gunmen kí ọwọ́ má bàa dilẹ̀. Wọ́n sì ti mọ ibi tí fíìmù máa parí sí kí wọ́n tó kọ season yẹn, bíi ẹni tó ti kan òrùlé sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri. Ṣùgbọ́n èrè ẹ̀ wà níbẹ̀: ẹni tó rí i tí iná jó ọ́fíìsì Mulder lórí tẹlifíṣàn ní May, oṣù kan péré ló máa fi dúró kó tó rí wọn ní sinimá, ara ẹ̀ ṣì gbóná. Torí náà nígbà tó o bá fi ti 1998 wé ti 2008, ńṣe lò ń fi ẹni tó ń sáré wé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde lórí ibùsùn.

Apá kan wà nínú ti 1998 tí mo máa ń fi han àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Mulder jókòó sí ilé ọtí, ó ti mu gan-an, obìnrin tó ń ta ọtí bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Mulder wá bẹ̀rẹ̀, ó tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún un: bí wọ́n ṣe gbé àbúrò ẹ̀ lọ, bí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, bí ìjọba ṣe ń bo ọ̀rọ̀ àwọn ará ojú sánmọ̀ mọ́lẹ̀. Obìnrin yẹn wò ó tààrà, ló bá ní òun ò ní ta ọtí fún un mọ́. Ó tán. Mulder jáde lọ sẹ́yìn ilé ọtí lọ tọ̀, ibẹ̀ ni bàbá àgbàlagbà kan ti wá bá a pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó gbé fíìmù lọ. Wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ẹni tó ti ń wò ó láti ọdún márùn-ún ń rẹ́rìn-ín, torí ó mọ̀ pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí ọ̀mùtí yìí ń sọ. Ẹni tí ò wò ó rí láyé ẹ̀ náà ti gbọ́ gbogbo ohun tó yẹ kó mọ̀, wọn ò sì jókòó tì í bíi tíṣà.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo fẹ́ tú ni ọ̀rọ̀ "àwa tá a fẹ́ràn ẹ̀ pọ̀". Òótọ́ ni, a pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ nínú páálọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú dọ̀dọ̀ lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó máa wọṣọ, wọkọ̀, kó sanwó. Ní January 1997, ní alẹ́ tí wọ́n gbá Super Bowl, ìyẹn àṣekágbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 29 ló wo episode The X-Files kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà. Fíìmù 1998 wá pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 84 dọ́là ní Amẹ́ríkà, tíkẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn ò sì tó dọ́là 5, tó o bá pín in, bíi mílíọ̀nù 18 tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ìgbà tí eré wà lójú ọpọ́n nìyẹn o! Ti 2008 pa bíi mílíọ̀nù 21 dọ́là ní Amẹ́ríkà, tíkẹ́ẹ̀tì ti lé ní dọ́là 7, èèyàn bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ló jáde nílé. Mílíọ̀nù mẹ́ta tó fẹ́ràn nǹkan dénú dénú, ọ̀pọ̀ èèyàn ni, tá a bá kó wọn jọ, ìlú ńlá ni, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé fíìmù Hollywood.

Mi ò sì ní gbà fún ẹ pé ti 2008 "kú pátápátá". Mílíọ̀nù 30 dọ́là ni wọ́n fi ṣe é, gbogbo ayé lápapọ̀ ló pa bíi mílíọ̀nù 68. Àwọn tó ni sinimá á mú bíi ìdajì nínú ìyẹn, owó ìpolówó ò sì sí nínú 30 yẹn, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ná an. Torí náà kò sọ ẹnikẹ́ni di tálákà, àmọ́ kò sí ọ̀gá kankan tó máa wo ìwé ìṣirò yẹn kó wá ní ó yá, ẹ bá mi ṣe ẹ̀kẹta. Ti 1998, mílíọ̀nù 66 ni wọ́n ná, ó mú bíi 189 wálé káríayé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Kí ló wá ṣe ti 2008? Ọdún mẹ́fà tó fi sùn wà lára ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló pọ̀ jù. Carter àti Fox kọ́kọ́ gbé ara wọn lọ sí kóòtù lórí owó, ìyẹn jẹ ọdún mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n yanjú ẹ̀, ìyanṣẹ́lódì àwọn òǹkọ̀wé Hollywood ti ń bọ̀, wọ́n sáré parí ìwé eré, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù ní December 2007 nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ń lọ lọ́wọ́, ìyẹn ni pé tí ọ̀rọ̀ kan ò bá dùn lẹ́nu òṣèré, wọn ò lè jókòó tún un kọ. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí á mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń tún un kọ gan-an ni fíìmù ti ń di fíìmù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e jáde ní 25 July 2008, ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn The Dark Knight, fíìmù Batman. Haba! Batman pa mílíọ̀nù 75 dọ́là ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì ẹ̀, The X-Files pa bíi mílíọ̀nù 10 ní òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tiẹ̀. Fíìmù tó kún fún yìnyín àti òtútù, wọ́n wá gbé e síta nígbà tí gbogbo èèyàn ń lọ sétí òkun. Mi ò mọ ẹni tó mú déètì yẹn, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́ Mulder.

Síbẹ̀, ká ní wọ́n gbé e jáde ní ọjọ́ tó dáa jù lọ láyé, ìṣòro kan máa wà. Fíìmù 1998 bẹ̀rẹ̀ nínú ihò yìnyín ní Texas láyé àtijọ́, ó fọ́ odindi ilé ńlá kan ní Dallas, ó sì parí sí Antarctica níbi tí ọkọ̀ ojú sánmọ̀ tó tó ìlú kan ti ń yọ jáde láti inú yìnyín. O rí ibi tí owó tíkẹ́ẹ̀tì ẹ lọ. Ti 2008, àwọn FBI tò gbọọrọ lórí yìnyín, wọ́n ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀, àlùfáà kan tó ń ríran ṣáájú wọn, wọ́n sì hú apá èèyàn kan jáde. Ìbẹ̀rẹ̀ tó dáa ni, mo fẹ́ràn ẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n episode ni. Episode tó gùn ni. Kò sí ẹ̀dá ojú sánmọ̀ kankan nínú ẹ̀, Carter mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ kí ẹni tí ò wò ó rí lè rí nǹkan mú, àwọn tó ti ń dúró láti 2002 wá jáde ní sinimá bíi ẹni tí wọ́n pè sí ìgbéyàwó tí wọ́n fún ní omi inú ọ̀rá.

Ojú tèmi náà ti rí irú ẹ̀. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wà lára àwọn tó ń gé eré iwin kan fún tẹlifíṣàn níbí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ọdún mẹ́rin la fi ṣe é. A ò lówó, torí náà a ò fi iwin yẹn han ẹnikẹ́ni rí láti ọjọ́ tá a ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti fẹ́ wọlé, ìkòkò amọ̀ tó wà lórí àga kékeré lẹ́bàá ilẹ̀kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ajá tó ń gbó níta á dákẹ́ lójijì. Ó tán. Ọmọkùnrin kan ló ń fi okùn tín-ín-rín fa ìkòkò yẹn lábẹ́ àga. Àwọn èèyàn ń pe wá láti Ìṣẹ́yìn pé àwọn ò lè sùn. Olówó kan wá ní ká gbé e lọ sinimá, owó dé, ó ní dandan, iwin gbọ́dọ̀ hàn. Wọ́n ṣe bojú rọ́bà fún òṣèré, wọ́n tan iná sí i lójú. Mo jókòó sẹ́yìn nínú sinimá ní ọjọ́ àkọ́kọ́, màmá kan wà níwájú mi pẹ̀lú ọmọ ẹ̀, nígbà tí iwin yọ, gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, màmá náà ń fi ìdí aṣọ nu ojú. Kí iwin tiẹ̀ tó dé rárá, ó ti bi ọmọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta pé "Ta wá nìyí?" lórí bàbá kan tí gbogbo àwa tá a ṣe eré náà ti mọ̀ láti ọdún mẹ́rin. Èmi ni mo gé ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé bàbá yẹn kúrò, mo ní ta ni ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mi ò lè fi sórí olówó.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo fi ń wo The X-Files báyìí. Eré àǹjọ̀nú lórí tẹlifíṣàn, ohun tí ò tíì hàn ló fi ń jẹun. Season márùn-ún àkọ́kọ́, ní Vancouver, ní Kánádà, ni wọ́n ti yà á, igbó, òjò, òkùnkùn, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn òkùnkùn nìkan, òkùnkùn ò gba owó púpọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Los Angeles láti season kẹfà, oòrùn dé, ọ̀pọ̀ wa sì rí i pé nǹkan kan ti yí padà kó tó di pé a mọ ohun tó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbéèrè: ọ̀sẹ̀ yìí wọ́n á dáhùn ọ̀kan, wọ́n á bí méjì. Tẹlifíṣàn lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Fíìmù ò lè ṣe é, ẹni tó sanwó fẹ́ kó parí kí òun tó dìde. Tó o bá wá parí ẹ̀, o ti pa ohun tó ń bọ́ eré náà. Tó ò bá parí ẹ̀, wọ́n á ní o jà wọ́n lólè. Ibi tí gbogbo wọn ti ń ṣubú nìyẹn, àti ẹni tó lówó àti ẹni tí ò ní.

Wọ́n tiẹ̀ ní àǹfààní kan tí wọ́n jẹ́ kó lọ. Ní episode tó parí ti 2002, wọ́n dá ọjọ́ pé 22 December 2012 ni àwọn ará ojú sánmọ̀ máa wá gba ayé. Ìwọ rò ó wò: eré ti dájọ́, àwọn èèyàn ti kọ ọ́ sílẹ̀, ọdún mẹ́wàá wà láti fi múra. Carter náà sọ pé òun fẹ́ fi ìkẹta ṣe ìyẹn. Ti 2008 ò sọ nǹkankan nípa ẹ̀, owó ẹ̀ ò sì fún ẹnikẹ́ni láyà láti ṣe òmíràn, 2012 wá, ó kọjá, gbogbo wa jí ní ọjọ́ kejì a lọ ra búrẹ́dì. Tí bàbá bá ń bi ẹ́ pé ìgbà wo, sọ fún wọn pé ìgbà yẹn ni.

Ní báyìí, kí ló kù? Kì í ṣe Carter ló ni nǹkan yẹn lápò, Fox ló ni ín, Disney sì ra ẹ̀ka Fox tó ń ṣe fíìmù àti eré ní March 2019, torí náà ibẹ̀ ni ìpinnu wà, èmi ò sì sí nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣèpàdé. Anderson ti sọ ní 2018 pé òun ò ṣe mọ́. Kí wọ́n gbé àwọn méjèèjì jọ fún fíìmù kan, ó lè dùn wá fún wákàtí méjì, ṣùgbọ́n bó o bá rántí, wọ́n ti gbé wọn jọ padà lórí tẹlifíṣàn, episode mẹ́fà ní 2016, mẹ́wàá ní 2018. Ti 2016 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 16 ní alẹ́ kan. Fi ìyẹn wé mílíọ̀nù mẹ́ta ti sinimá, o ti rí i pé àwọn èèyàn ò kọ Mulder, ilé ni wọ́n fẹ́ ti rí i. Àwọn ibi tó dùn jù nínú ẹ̀ sì ni àwọn episode tó dá dúró, tó ń fi ara ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Àwọn tí Carter fi fẹ́ parí ọ̀rọ̀ ìjọba àti ará ojú sánmọ̀, kí n má purọ́, wọ́n sú mi.

Twin Peaks, eré tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà míì, náà rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fòpin sí i ní 1991, fíìmù jáde ní 1992, kò pa ju bíi mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là lọ ní Amẹ́ríkà, inú bí àwọn èèyàn pé wọ́n yọ ẹ̀rín inú ẹ̀ kúrò. Ìgbà tó padà sórí tẹlifíṣàn ní 2017 fún episode 18, ó rí àyè mí. Dark Shadows, tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ABC ṣe lójoojúmọ́ láti 1966 sí 1971, episode ẹ̀ lé ní 1,200, Tim Burton fi í ṣe fíìmù apanilẹ́rìn-ín ní 2012, ó ná owó púpọ̀, mo wò ó tán mo sì gbàgbé ẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́dọ̀ tiwa, Living in Bondage kì í ṣe ti tẹlifíṣàn, fídíò ni, ti 1992, ṣùgbọ́n wo bí Ramsey Nouah ṣe ṣe Breaking Free ní 2019: Kenneth Okonkwo padà wá gẹ́gẹ́ bí Andy, àmọ́ ọmọ ẹ̀ ni fíìmù gbé dání. Bàbá di àgbà, ọmọ ló kó sínú wàhálà. Ẹni tí wọn ò tíì bí ní 1992 lè wọlé láti ibẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n gbé e fún, ohun tí mo máa ṣe nìyẹn, mi ò ní ṣe ẹ̀kẹta fún Mulder àti Scully. Carter sọ ní 2023 pé Ryan Coogler, ẹni tó ṣe Black Panther, ló fẹ́ tún un ṣe pẹ̀lú òṣèré tuntun, tẹlifíṣàn ló sì ń gbé e lọ, kì í ṣe sinimá. Mo rò pé ọ̀nà tó tọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa dun bàbá. Àṣìṣe lè wà nínú ohun tí mo ń sọ o, torí iṣẹ́ mi ni kí n mọ ibi tí wọ́n ti ń gé, kì í ṣe kí n mọ ohun tí ọjà fẹ́, ká ní èmi ni mò ń mọ ohun tí ọjà fẹ́, mi ò ní gé bàbá ọjọ́ yẹn kúrò.

Ohun tó o lè ṣe fún wọn nísìnyí ni kó o jẹ́ kí wọ́n wò ó bó ṣe tò. Wá episode tó parí season karùn-ún, The End, fi í hàn wọ́n ní alẹ́ àkọ́kọ́, kí fíìmù 1998 tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn náà ni The Beginning tó bẹ̀rẹ̀ season kẹfà. Bí wọ́n ṣe tò ó nìyẹn nígbà náà, ọ̀pọ̀ èèyàn tó wo káàsẹ́ẹ̀tì níbí ò sì wò ó bẹ́ẹ̀ rí torí fíìmù ò sí nínú àpótí. Ti 2008, dúró di ìgbà òjò, kó o pa iná páálọ̀, má sọ fún wọn pé fíìmù ni, sọ pé episode kan wà tí wọn ò tíì rí.